Ìgbà Wo Ni Ọmọ Tó Jókòó Lórí Búsítà Tí Kò Ní Ẹ̀yìn?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa)

  

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a mú wá lónìí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ láàárín wa ti ń kó ìjókòó ọmọdé inú ọkọ̀ wálé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tó dà bíi tìmùtìmù líle, tí kò ní ẹ̀yìn, tí kò sì ní okùn tí a fi ń di ọmọ. Búsítà ni wọ́n ń pè é. Ó fúyẹ́, kò gba àyè, owó rẹ̀ kò wọ́n bíi ti àwọn yòókù, nítorí náà òun ni oníbàárà ń rà, kódà fún ọmọ ọdún méjì. Ibi tí àríyànjiyàn wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ní tí ọmọ bá ti lè dá jókòó, ó ti tó o. Àwọn kan ní ó di ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn mìíràn ní kí tiẹ̀ ni ti búsítà, ṣebí orí ẹsẹ̀ ìyá ni gbogbo wa jókòó sí tí a fi dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹsẹ̀ ìyá náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 10. Bí ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan, tó dúró gbì, ọmọ yẹn á fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni tó wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 300. Àpò ìrẹsì ńlá mẹ́fà nìyẹn. Àwa tí a ń ta ìrẹsì mọ ohun tí àpò kan ṣoṣo ń fi ojú alábàárù rí. Ta ni yóò fi ọwọ́ méjì gba mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà? Ọ̀nà Ìlọrin sí Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán yìí ńkọ́, awakọ̀ wo ló ń sá 50 níbẹ̀? Ẹ má sì fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo di ìyá àti ọmọ pọ̀. Ara ìyá ni yóò tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì.

Ṣé ẹ rí i, búsítà fúnra rẹ̀ kì í di ọmọ mú. Bẹ́líìtì ọkọ̀ ló ń dì í mú. Iṣẹ́ búsítà kò ju pé kó gbé ọmọ sókè, kí bẹ́líìtì tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà lè bọ́ síbi tó yẹ lára rẹ̀: kó gba àárín èjìká, kì í ṣe ọrùn; kó sì sùn lé egungun ìgbáròkó àti ìbẹ̀rẹ̀ itan, kì í ṣe ikùn. Ikùn rọ̀. Bẹ́líìtì tó bá wà lórí ikùn lè ba ìfun ọmọ jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Nítorí náà, ọkọ̀ tí bẹ́líìtì rẹ̀ gba èjìká àti itan nìkan ni búsítà wúlò fún. Bọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé ti ìbàdí nìkan ló ní lẹ́yìn, tàbí tí wọ́n ti gé e dànù, búsítà kò lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Kí ẹni tó ń tà á sọ èyí fún oníbàárà kó tó gba owó.

Ní ti ìgbà tó yẹ, a ò fara mọ́ ọmọ ọdún méjì rárá. Orí ọmọ kékeré wúwo ju ọrùn rẹ̀ lọ. Ìjókòó tó kọjú sẹ́yìn ni ti ọmọ ọwọ́, kó pẹ́ níbẹ̀ bó bá ṣe lè pẹ́ tó. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó kọjú síwájú tó ní okùn tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, búsítà tó ní ẹ̀yìn. Èyí tí kò ní ẹ̀yìn ló gbẹ̀yìn. A ò gbà fún ọmọ ọdún mẹ́rin náà, nítorí oorun. Ọmọ kì í ṣe ère Èsìẹ́ tí yóò jókòó gbọin láti ilé dé Ìlọrin. Kí a tó rìn jìnnà, ó ti sùn, orí ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, èjìká ti bọ́ kúrò lábẹ́ bẹ́líìtì. Búsítà tó ní ẹ̀yìn á gbá orí mú, á sì bò ó bí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ gbá ọkọ̀. Èyí tí kò ní ẹ̀yìn kò lè ṣe é.

Àwọn ará Bìrìtìkó náà ti rí i bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 2017, búsítà aláìlẹ́yìn tuntun tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde níbẹ̀, ọmọ tó ga ju sẹ̀ǹtímítà 125 lọ tó sì wọn ju kìlógíráàmù 22 lọ ni wọ́n ń fọwọ́ sí i fún. Òfin wọn ní kí ọmọ máa lo ìjókòó ọmọdé títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ ní kó di nǹkan bíi 145, láàárín ọdún 8 sí 12, kó tó kúrò lórí búsítà pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ bá ọmọ tọ́jú ọmọ lọ́hùn-ún, bí àna yín bá ní ọmọ ọdún méje ṣì ń jókòó lórí búsítà, ẹ má bínú, òfin ni.

Ẹ̀yin aláṣọ, ọ̀pá yáàdì yín wúlò níbí. 125 jẹ́ yáàdì kan àti íǹṣì 13. 145 jẹ́ yáàdì kan ààbọ̀ àti íǹṣì mẹ́ta. Gíga ni kí a wò ju ọjọ́ orí lọ, nítorí ọmọ ọdún mẹ́fà méjì wà nínú ọjà yìí tí èkíní fi orí ga ju èkejì. Kí etí ọmọ má sì ga ju ẹ̀yìn ìjókòó ọkọ̀ lọ. Bó bá sì tó kó fi búsítà sílẹ̀, ẹ gbé e jókòó: kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ìjókòó, kí orúnkún rẹ̀ ká wálẹ̀ létí ìjókòó, kó sì lè wà bẹ́ẹ̀ títí dé ibi tí à ń lọ. Bó bá ń yọ̀ wálẹ̀, kò tíì tó.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí gbogbo wọn jókòó. Láti ọdún 1988 tí wọ́n ti dá àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ni wọ́n ti ń pariwo, ọdún 2003 ni wọ́n sì fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì. Ti ọ̀kadà, a ò ní sọ púpọ̀. Ẹ rántí January 2009 tí àwọn kan dé igbá sórí dípò akoto. Kò sí búsítà kankan fún ọ̀kadà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Èyí tó bá sán, tàbí tó ti wà nínú ọkọ̀ tó ní jàǹbá, ẹ má tà á. Ẹ má gbé e sínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́, oòrùn ń jẹ rọ́bà. Ẹ má sì ya ìwé tó wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni ìwọ̀n ọmọ wà.

Ó wá ku owó. Ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ kì í san owó ọkọ̀. Ohun tó ń gbé ọmọ wa lé ẹsẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àṣà. A ń dábàá pé kí ẹgbẹ́ rán èèyàn sí àwọn onímọ́tò ní gáréèjì, kí ọmọ tó ti lè dá jókòó máa san ààbọ̀ owó, kó sì ní ìjókòó tirẹ̀ ní inú, kì í ṣe níwájú, kì í ṣe létí ilẹ̀kùn. Àwọn kan ti ní awakọ̀ ò ní gbà. A ò tíì bi wọ́n. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e lórí. Kí ẹni tó bá ní búsítà nílé gbé e wá, kí àwọn aláṣọ sì mú ọ̀pá yáàdì dání.