Iṣẹ́ Ni Aláàbọ̀ Ara Ń Fẹ́, Kì Í Ṣe Sààráà



Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni ìlú Benin ti ní òfin lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ẹ̀tọ́ àtiṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò ní wọ yàrá wá pe ẹni tí a fi pamọ́. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ sí Guichet Unique de Protection Sociale, ká sì kọ orúkọ wọn sí ANPE tó ń báni wáṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá aránṣọ, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ wà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Ẹ gbà wọ́n kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin ìjòyè, tí ẹ bá ń pín ìsọ̀ ọjà, ẹ fún wọn níbi tí kẹ̀kẹ́ wọn lè dé. Ẹni tó ń bọ́ ara rẹ̀, wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìpàdé ẹbí.