Asà Jámánì, Iyùn Ìkálẹ̀

Asà dúdú àti funfun ni àmì ìdílé Hohenzollern ní Jámánì. Kaiser wọn kúrò lórí ìtẹ́ ní 1918. Òfin 1919 gba àǹfààní oyè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá, ṣùgbọ́n àmì náà kò parẹ́: ó wà lára òkúta àti nínú ìwé.

Níbí ní Ìkálẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn là ń rí lọ́rùn Abodi. Ìtàn tó so ìdílé rẹ̀ mọ́ Bìní, ẹnu àwọn àgbà la ti ń gbọ́ ọ. Oríkì ìdílé tìrẹ náà ńkọ́? Bí àgbà bá lọ, ó lè bá a lọ. Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ: bí o bá dé Òkìtìpupa, jẹ́ kí ìyá àgbà kì ọ́, kí o sì gbà á sílẹ̀.