Ẹgbẹ́ Àwọn Ẹnjiníà àti Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Onígbàgbọ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ó yẹ kí àwọn ẹnjiníà àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n jẹ́ ọmọlẹ́yìn Kristi kó ara wọn jọ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹlòmíràn lè bèèrè pé, ṣé ìjọ kò tó wọn ni? Ìbéèrè náà tọ́. Àdúrà wà ní ìjọ. Ìjíròrò lórí iṣẹ́ sì wà nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ẹnjiníà Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní 1958. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ mú kí ó fọwọ́ sí afárá tí irin rẹ̀ kò pé, ta ni yóò fi ọ̀ràn náà lọ̀? Àlùfáà rẹ̀ kò mọ ìwọ̀n irin, ó sì lè jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ gan-an ni ó ń rọ̀ ọ́ pé kí ó fọwọ́ sí i. Àwọn tí wọ́n mọ irin, tí wọ́n sì bẹ̀rù Ọlọ́run, ni ó lè gbà á ní ìmọ̀ràn.

Ẹ̀rọ àti ìgbàgbọ́ kì í ṣe àjèjì sí ara wọn ní agbègbè yìí. Joseph Ayọ̀ Babalọlá kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀ ni ó ń wà fún Iṣẹ́ Ọba ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tí ó gbọ́ ìpè ní 1928. E. A. Adébóyè, ọmọ Ifẹ̀wàrà nítòsí Ifẹ̀, kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì kí ó tó di olórí ìjọ Redeemed ní 1981. Àwọn méjèèjì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìwàásù. Ẹgbẹ́ tí à ń sọ yìí wà fún àwọn tí yóò dúró ti iṣẹ́ wọn.

Kò di dandan kí wọ́n pọ̀. Ní 1941, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ènìyàn márùn-ún péré ni ó péjọ láti dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní American Scientific Affiliation. F. Alton Everest, ẹnjiníà iná mànàmáná, ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́jọ kọjá kí ìwé ìròyìn wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde, ní 1949.

Ìṣòro Ifẹ̀ yàtọ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962, ó kó wá sí Ifẹ̀ ní 1967, ó sì di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò wọ́n, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni àwọn tí ó parí ń fọ́n ká lọ sí Èkó, Àbújá àti òkè òkun. Ẹgbẹ́ tí alága, akọ̀wé àti akápò rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pátá, ọjọ́ tí wọ́n bá gba oyè ni a ó sin ín. Nítorí náà, kí a fi àwọn tí kò ní í kúrò ní ìlú sí ipò: àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, àní àwọn jórinjórin àti àwọn tí ń gbẹ́ kànga. Àwọn kan yóò kùn pé aláìníwèé kò yẹ kí ó bá wọn jókòó. Àwọn tí ó rọ àwọn orí idẹ tí a wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 kò gba oyè yunifásítì kankan. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ lára iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò jìnnà: omi abúlé. Ìdọ̀tí inú ṣáláńgá máa ń bá omi abẹ́ ilẹ̀ rìn, nítorí náà omi tí ó mọ́ lójú lè ru àrùn. Kànga kò gbọdọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ṣáláńgá níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́, ó sì dára kí àlàfo àárín wọn má dín ní mítà 30. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè mú okùn ìwọ̀n dání ní Sátidé kan lóṣooṣù, kí wọ́n wọn kànga, kí wọ́n bu omi lọ fún àyẹ̀wò. Kànga Mùsùlùmí àti ti oníṣẹ̀ṣe kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ẹnu omi kan náà ni gbogbo abúlé ń mu.

Kí owó ẹgbẹ́ kéré, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sí etí gbogbo ìpàdé. Kí ìwé kan sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó dúró ní ìlú, tí orúkọ abúlé, ọjọ́, jíjìn kànga àti àbájáde àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dé ní ọdún tí ń bọ̀ lè mọ kànga tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà lọ wò.