Ìwọ̀n Ètù àti Ọta Ìbọn

Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ọ̀pin nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín kan àwọn ọdẹ wa. Bí ọta bá tàsé ẹran, ọ̀pọ̀ a bu ètù kún ètù. A kò gbà pé ètù púpọ̀ ni í mú ọta lọ tààrà.

Ní 1849, Minié, ọ̀gá ọmọ ogun Faransé kan, ṣe ọta olórí ṣóńṣó tí ìdí rẹ̀ jinnú, fún ìbọn tí à ń ki láti ẹnu. Bí ètù bá gbiná, ìdí ọta náà a fẹ̀, a sì di ìlà lílọ́ inú ọ̀pá ìbọn mú. Ìlà yìí ni í mú ọta yí bí òkòtó, tí kì í fi í yà. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà nínú ìbọn Snider tí Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó nígbà ogun Kírìjì (1877–1886), bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí ni à ń gbà ki tirẹ̀.

Ẹni tí ó ní ìbọn onílà a fi ètù díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta sí àmì kan, a wo bí ihò ti sún mọ́ra sí, kí ó tó fi díẹ̀ kún un. Kì í sì í kọjá ìwọ̀n tí ẹni tí ó rọ ìbọn náà fi lélẹ̀.

Ṣakabùlà tiwa kò ní ìlà. Ọta ṣóńṣó a máa ta òkìtì bí ó bá ti inú rẹ̀ jáde. Ọ̀pá omi sì ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ fi ń ṣe é, kí a má tan ara wa. Ètù àpọ̀jù lè fà á ya mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. A bẹ àwọn olórí ọdẹ kí wọ́n yẹ ìbọn àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn wò, kí wọ́n sì fún olúkúlùkù ní òṣùwọ̀n ètù kan ṣoṣo.