RAID Kì í Ṣe Ẹ̀dà Ìpamọ́

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ohun kan ni mo wá sọ: RAID, ìyẹn ọ̀pọ̀ dísíìkì tí a so pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Ọ̀gá tí yóò sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n ń bẹ níwájú.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, Patterson, Gibson àti Katz, kọ̀wé nípa RAID ní yunifásítì Berkeley ní 1988, ara ohun tí wọ́n ń wá ni pé bí dísíìkì kan bá kú, kí iṣẹ́ má dúró. Ẹ jẹ́ kí n fi àròpọ̀ ṣàpèjúwe ọgbọ́n RAID 5: ẹ kọ 5 sórí dísíìkì kan, 7 sórí èkejì, àròpọ̀ wọn, 12, sórí ẹ̀kẹta. Bí 7 bá sọnù, ẹ yọ 5 kúrò nínú 12. Bí méjì bá kú ńkọ́? Bí akọ̀wé bá sì ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, ó parẹ́ lórí gbogbo wọn nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń lo RAID 5 ní Ìlọrin pè mí. Iná pupa ti ń ṣẹ́jú lára dísíìkì kan tipẹ́. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ kọ lẹ́tà títí, wọ́n ní kò sówó. Iná ìjọba lọ, ó dé, dísíìkì kejì dákú. Ọ̀gá ní kí wọ́n tètè tún RAID náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ nǹkan kan. A pa ẹ̀rọ, a fi máákà kọ nọ́ńbà ihò sára dísíìkì kọ̀ọ̀kan, a dà wọ́n kọ sórí dísíìkì tuntun, orí àdàkọ la ti ṣiṣẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ kú, a yọ ọ́ sẹ́yìn, ohun inú rẹ̀ ti di àná. Èkejì ṣì ṣeé kà. Èyí tó pọ̀ jù nínú fáìlì wọn padà. Owó tí wọ́n san fún mi ju owó dísíìkì lọ fíìfíì. Ọmọkùnrin yẹn ni wọ́n fún ní kúẹ́rì.

Inú ń bí mi dòní. Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi, ṣe ẹ̀dà síbòmíràn, sì máa ṣí i wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn ọ̀gá bá kọ̀, kọ lẹ́tà, jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí o sì mú ẹ̀dà lẹ́tà tìrẹ lọ sílé. Má fi í pamọ́ sórí sáfà wọn o.