Ta Ni Ẹ Ń Kọrin Náà Fún?

Orin ayé kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe orin ẹ̀mí, ṣùgbọ́n ó bá mi wí ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú ní Ìjẹ̀bú-Òde kí fóònù alágbèéká tó dé, ẹ ò ní gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì Don Williams. Nínú mọ́tò, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, níbi ìsìnkú pàápàá, ohùn rẹ̀ la máa ń gbọ́. Ọmọ Texas ni, a bí i ní 1939, ó sì kú ní 2017. Bí a ṣe fẹ́ràn rẹ̀ níhìn-ín ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ní Zimbabwe, níbi tó ti lọ kọrin ní 1997. Gìtá wọn náà kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá gbọ́ àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982 yóò gbọ́ irú rẹ̀ lọ́wọ́ Demola Adepoju, tó ń fà bí ẹni ń sunkún.

Orin tí mo ń sọ ni “You're My Best Friend”. Wayland Holyfield ló kọ ọ́ sílẹ̀, Don Williams gbé e jáde ní 1975, ó sì dé ipò kìíní láàrin orin kọ́ńtírì ní Amẹ́ríkà. Kò sí ìtàn ńlá kankan nínú rẹ̀. Ọkọ kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ ni, nítorí òrùka, nítorí àwọn ọmọ tó bí, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òun ń sá sí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo jókòó ní pálọ̀, mo ń kọ orin yìí. Ìyàwó mi wà lẹ́yìnkùlé nídìí gàrí. Ẹ mọ iṣẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú. Wọ́n á bó gbágùúdá, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ̀ ọ́, kí wọ́n tó wá yan án nínú agbada gbígbóná. Ó wọlé wá mu omi, èéfín ti mú kí ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Dádì, ta lẹ ń kọrin yẹn fún?”

N kò rí èsì fọ̀.

Àwa Ìjẹ̀bú mọ ọpẹ́ dá o! Kí ni Ojúde Ọba? Ọpẹ́ ni. Àwọn Mùsùlùmí ìgbà àkọ́kọ́ ló lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó fún wọn láyè láti sin Ọlọ́run. Títí di òní, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, régbérégbé á wọ aṣọ, ẹṣin á jó. A ń fi aṣọ olówó iyebíye dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba. Ẹni tó se oúnjẹ tí a jẹ kí a tó jáde ńkọ́? Ọkọ inú Ìwé Òwe orí 31 yin aya rẹ̀. Àwa ń retí ọjọ́ ìsìnkú.

Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, a máa ń pariwo lórí ọ̀gá tí kò sanwó òṣìṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó gàrí yẹn la fi san owó ilé-ìwé àkọ́bí wa, èmi sì ni mo gba “ẹ kú iṣẹ́” lẹ́nu àwọn ẹbí. N kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wọn. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ẹ mọ ẹni tí àwọn àgbà fi í wé.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo mú ajọ̀. Mo ní, “O ṣé. Owó ilé-ìwé ọmọ yẹn, ìwọ lo san án. N kò dúpẹ́ nígbà náà.”

Ó wò mí títí. “Dádì, ṣé ara yín yá?”

Mo ní ara mi yá. Ó ní kí n rọra jọ̀ ọ́, mo ń dà á sílẹ̀.