Bọ́tìnnì Kékeré, Ìjà Ńlá

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì kékeré kan tó ń dá ìjà ńlá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni mo gbé wá lónìí.

Tẹ́ ẹ bá pe customer care báǹkì tàbí iléeṣẹ́ iná lọ́hùn-ún, kí èèyàn tó dá yín lóhùn, ẹ̀rọ sábà máa ń sọ pé: tẹ nọ́ńbà báyìí fún Gẹ̀ẹ́sì, tẹ báyìí fún Sípáníìṣì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, àmọ́ ó ń bí àwọn kan nínú gan-an. Wọ́n ní, kí ló dé tí àwọn fi máa tẹ nọ́ńbà kí àwọn tó gbọ́ èdè àwọn nílùú àwọn? Wọ́n ní ẹni tó bá wọ̀lú ni kó kọ́ èdè ìlú.

Ẹ jẹ́ ká gba tiwọn rò. Kì í ṣe ìkórìíra ló ń ṣe gbogbo wọn. Ẹ̀rù ń ba àwọn míì pé tí kò bá sí èdè kan tó so gbogbo ìlú pọ̀, kálukú á máa dá tiẹ̀ gbé.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan: ta gan-an ni àlejò? Ọdún 1565 ni àwọn ará Sípéènì tẹ St. Augustine dó ní Florida. Ọdún 1607 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ Jamestown dó. Lọ́dún 1848, lẹ́yìn ogun, California àti ilẹ̀ rẹpẹtẹ míì bọ́ lọ́wọ́ Mẹ́síkò sọ́wọ́ Amẹ́ríkà, tòun ti àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì níbẹ̀. Lónìí, àwọn tó ń sọ ọ́ nílé lé ní mílíọ̀nù 40.

Ní March 2025, Ààrẹ Trump buwọ́ lu àṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba. Síbẹ̀, àṣẹ yẹn ò ní kí iléeṣẹ́ aládàáni yọ bọ́tìnnì kankan. Wọn ò sì ní fẹ́ yọ ọ́, torí ọjà ni wọ́n ń tà. Ẹni tọ́rọ̀ ẹ bá yé ló máa ra ọjà ẹ.

Àwọn àgbà ní àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n yọ owó nínú àkáǹtì ẹ láìmọ̀dí ò ráyè kọ́ èdè tuntun lórí fóònù. Èdè tó bá máa tètè fi ṣàlàyé ara ẹ̀ ló ń wá.

Ẹ wá wo tiwa ní Nàìjíríà. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù ń fi Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Pidgin lọ̀ wá, a ò sì bá wọn jà. Àwa ọ̀dọ́ kàn ń sá fún un ni. Ọ̀pọ̀ wa tó ń fi Yorùbá ṣàwàdà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì la máa tẹ̀, bíi pé ará oko nìkan ni wọ́n ṣe Yorùbá fún. Tí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ̀ ẹ́, ìdí wo ni iléeṣẹ́ á fi máa sanwó fẹ́ni tó ń dáhùn níbẹ̀? Ìyá tó ń ta ata lọ́jà ló máa jìyà ẹ̀.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá tún pè wọ́n, ẹ tẹ Yorùbá. Kò ní kí Gẹ̀ẹ́sì yín dín kù. Ẹ sọ èrò yín fún mi lábẹ́ ibí. Ó dìgbà o!